Òṣùwọ̀n Wo La Fi Ń Wọn Ìwà Àjẹbánu?

Lọ́dọọdún, àjọ Transparency International tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Berlin ní Jámánì máa ń gbé àtẹ kan jáde, níbi tí wọ́n ti to àwọn orílẹ̀-èdè ayé láti orí èyí tí wọ́n kà sí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ dé orí èyí tí wọ́n kà sí pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí jù lọ. Nínú àtẹ ọdún 2024, Nàìjíríà gba máàkì 26 nínú 100, ó sì wà ní ipò 140 láàárín orílẹ̀-èdè 180. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, máàkì 25 ló gbà, ipò 145 ló sì wà. Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwọn tí ìjọba ń tẹ́ lọ́rùn á ní a ti fi ipò márùn-ún sún síwájú, àwọn tí inú ń bí á ní kí ni máàkì ẹyọ kan fẹ́ ṣe fún ẹni tí ebi ń pa. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ibi tí ẹnu kì í ti í gbà á sọ. Ìbéèrè tí kì í sábà jáde nínú àríyànjiyàn náà ni pé, kí ni máàkì yẹn wọ̀n gan-an? Èrò tèmi ni pé orúkọ tí orílẹ̀-èdè kan ní lójú àwọn onímọ̀ àti àwọn oníṣòwò ńlá ni àtẹ náà ń wọ̀n. Iye owó tí wọ́n jí kò sí níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n gba rìbá kò sí níbẹ̀. Orúkọ ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá olè ń dín kù ní ìlú bí Ìjẹ̀dẹ́ gbọ́dọ̀ wá òṣùwọ̀n mìíràn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí owó ti ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí a tó dá a lẹ́jọ́. Peter Eigen, ọmọ Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ fún Báńkì Àgbáyé, ló ṣáájú àwọn tó dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1993. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí kò tíì padà sórí àlééfà nígbà náà, wà lára àwọn àgbà tó gbárùkù tì í. Ní 1995 ni àtẹ àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 41. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tó ń jẹ́ Johann Graf Lambsdorff ló gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. Àjọ náà kì í rán ẹnikẹ́ni lọ ka rìbá nítorí àtẹ yìí. Ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ló ń kó jọ, mẹ́tàlá lápapọ̀: ti Economist Intelligence Unit ní London wà níbẹ̀, ti Bertelsmann ní Jámánì, ti World Economic Forum ní Geneva, àti ti Báńkì Àgbáyé. Bí mẹ́ta péré nínú wọn bá ti sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè kan, ó ti yẹ fún àtẹ. Àwọn tí ìwádìí wọ̀nyí ń gbẹ́kẹ̀ lé ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìjábọ̀ nípa orílẹ̀-èdè àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Obìnrin tó ń ta ẹja ní èbúté Ìjẹ̀dẹ́ kò sí nínú wọn, ọlọ́kadà Ìkòròdú kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lóru kò sí nínú wọn. Àjọ náà kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kọ ọ́ sára àtẹ rẹ̀ gbangba pé ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ìwà ìbàjẹ́ ni òun kó jọ. Àwa tí à ń ròyìn rẹ̀ la máa ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn jù sílẹ̀, tí a ó wá máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n gbé ìwà ìbàjẹ́ fúnra rẹ̀ sórí ìwọ̀n.

Ipò tí wọ́n to orílẹ̀-èdè sí ló rọrùn jù láti pariwo, òun náà ló sì ṣòro jù láti gbára lé. Ní 1996, Nàìjíríà ló gbẹ̀yìn nínú orílẹ̀-èdè 54. Ní ọdún 2000, ó tún gbẹ̀yìn nínú 90. Ẹni tó bá fi ìyẹn wé ipò 140 nínú 180 lè máa yọ̀ pé a ti fi ogójì orílẹ̀-èdè sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Somalia àti South Sudan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 2024 kò sí nínú àtẹ 1996 rárá. South Sudan kò tilẹ̀ tíì di orílẹ̀-èdè. Àtẹ ló fẹ̀ sí i. Ìyẹn nìkan kọ́: ní 2012, wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi máàkì tó ṣáájú ọdún náà wé èyí tó tẹ̀lé e. Láti 2012 títí di 2024, ibi tó ga jù tí Nàìjíríà dé ni 28, ní 2016. Ibi tó relẹ̀ jù ni 24, ní 2021 àti 2022. Ọdún mẹ́tàlá la fi ń yí po nínú àlàfo máàkì mẹ́rin. Àjọ náà a sì máa kọ ìwọ̀n ibi tí àṣìṣe lè dé sí ẹ̀gbẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ìwé ìròyìn kì í tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n àṣìṣe yẹn yóò rí i pé kò sí onímọ̀ ìṣirò tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé 25 àti 26 yàtọ̀ síra. Ipò márùn-ún tí a fi ń jó kò ju pé àwọn orílẹ̀-èdè tó wà láàárín ibẹ̀ fún mọ́ra wọn, tí máàkì kan péré fi lè gbé ènìyàn fò wọ́n kọjá.

Kí a má dá àwọn ará Berlin lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ, nítorí ohun tó pamọ́ ṣòroó kà. Àwa náà kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí iye ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì ní Èkó. Ní 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní a fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní a ju mílíọ̀nù 17 lọ. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ojú ń rí bá rí báyìí, kí la ó ti sọ ti rìbá, tí ẹni tó gbà á ń bò, tí ẹni tó san án náà ń bò, nítorí pé òfin lè mú àwọn méjèèjì? Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tó sàn ju kí a máa bi ọ̀mọ̀wé léèrè èrò rẹ̀ lọ. Ní 2016, àjọ NBS tó ń ṣe ètò ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí àti àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé jọ lọ sí ilé 33,067 káàkiri Nàìjíríà. Ìbéèrè wọn kò lọ́jú pọ̀: láàárín oṣù méjìlá tó kọjá, ǹjẹ́ o bá òṣìṣẹ́ ìjọba kankan pàdé? Ṣé ó béèrè owó tàbí ẹ̀bùn? Ṣé o fún un? Èló ni? Nínú àwọn àgbàlagbà tó bá òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé, ìdá 32 nínú 100 ló ní wọ́n béèrè rìbá lọ́wọ́ àwọn tàbí pé àwọn san án. Àwọn ọlọ́pàá ló ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Wọ́n tún un ṣe ní 2019, ìdá náà di 30. Wọ́n tún un ṣe ní 2023, ó di 27. Ẹ wá gbé àtẹ Berlin kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 28 ní 2016, 26 ní 2019, 25 ní 2023. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ pé ọwọ́ tó ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ń sọ pé ọ̀ràn ń burú sí i. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò purọ́. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ìwádìí inú ilé nìkan ti tó yóò bá ìyàlẹ́nu mìíràn pàdé nínú rẹ̀. Láàárín 2016 sí 2019, ìdá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n san rìbá lọ sókè, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 82 sí mílíọ̀nù 117. Ìdí ni pé àwọn tó bá òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé pọ̀ sí i, ìdá kékeré nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè ju ìdá ńlá nínú ènìyàn díẹ̀ lọ. Ní 2023, iye ìgbà náà já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 87, síbẹ̀ àpapọ̀ owó tó bá a lọ kò dẹ́kun gígùnkè: bílíọ̀nù 400 náírà ní 2016, bílíọ̀nù 675 ní 2019, bílíọ̀nù 721 ní 2023. Owó rìbá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìpíndọ́gba, kúrò ní nǹkan bíi 5,300 náírà, ó di 8,284. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ̀ pé láàárín ọdún méje náà, iye owó ọjà fò kọjá ìlọ́po méjì, nítorí náà 8,284 ti 2023 kò lè ra ohun tí 5,300 ti 2016 rà. Tí a bá tún wá yí i sí dọ́là kí a lè fi wé ti orílẹ̀-èdè mìíràn, bílíọ̀nù 721 náírà yẹn di bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ péré, torí pé ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà 2023. Rìbá kan náà, lọ́wọ́ ọlọ́pàá kan náà, yóò dà bí èyí tó dín kù lójú àjèjì nítorí pé náírà ṣubú. Ta ló wá lè fi nọ́ńbà kan sọ pé àjẹbánu ń pọ̀ tàbí pé ó ń dín kù? Ẹni tó fẹ́ yin ìjọba yóò mú ìdá 27 lọ. Ẹni tó fẹ́ bú u yóò mú bílíọ̀nù 721. Láìsọ ìbéèrè tí nọ́ńbà ń dáhùn, nọ́ńbà di ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ìwádìí inú ilé kò lè rí. Ìbéèrè rẹ̀ dá lórí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní Ìjẹ̀dẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ibi láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbówó lórí, ẹni tó bá ń kọ́lé mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ lè béèrè owó ìpìlẹ̀, kó tún padà wá fún owó dẹ́kì, kó tún dé nígbà tí wọ́n bá ń kan òrùlé. Ìjọba Èkó ṣe òfin lòdì sí ìfìyàjẹni lórí ilẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí náà owó rẹ̀ kì í wọ inú ìṣirò rìbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ ń san fún àgbèrò. Ìkówójẹ inú iṣẹ́ àgbàṣe tilẹ̀ tún jìnnà ju ìyẹn lọ, torí kò sí ará ilé tí a lè bi pé, “Ṣé wọ́n fi ìdajì owó ọ̀nà yín sápò?” Kò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Bí a bá pín ilé 33,067 sí ìpínlẹ̀ 36 àti Abùjá, ìpínlẹ̀ kan kò ní ju nǹkan bíi 900 ilé lọ. Ìwọ̀nyẹn lè sọ̀rọ̀ fún Èkó. Wọn kò lè sọ̀rọ̀ fún Ìjẹ̀dẹ́. Ìjẹ̀dẹ́ tilẹ̀ ní ìṣòro kan lọ́tọ̀. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí òfin mọ̀, wọ́n sì yọ Ìjẹ̀dẹ́ lára Ìkòròdú. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní iṣẹ́ kò tíì parí lórí wọn títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi tún ìwé òfin ṣe. Nítorí náà, nínú àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìjọba ìbílẹ̀ 774, orúkọ Ìkòròdú lẹ ó rí, ẹ kò ní rí ti Ìjẹ̀dẹ́. Owó tó kàn án ń gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó tí orúkọ ẹni kò sí lára rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye tó jábọ́ lójú ọ̀nà?

Àwọn kan máa ń ní kí a fi iye ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ṣe òṣùwọ̀n. Nínú àwọn àjọ tó ń gbógun ti àjẹbánu, a ní ICPC láti ọdún 2000, a ní EFCC láti 2003, wọ́n sì ń ka iye ẹjọ́ tí wọ́n jàre. Ẹjọ́ James Ìbórí, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007, ti tó láti fi hàn pé òṣùwọ̀n yẹn kò dúró. Ní oṣù Kejìlá 2009, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Asaba da ẹ̀sùn 170 tí wọ́n fi kàn án nù. Ní oṣù Kejì 2012, ó gbà níwájú ilé ẹjọ́ Southwark ní London pé òun jẹ̀bi. Wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàlá. Ọkùnrin kan náà ni, ipò kan náà ló fi ṣe é. Bí a bá fi ìdálẹ́bi ṣe òṣùwọ̀n, òdo ni Nàìjíríà ní nínú ẹjọ́ yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ní olè. Iye ìdálẹ́bi ń sọ bí ọlọ́pàá àti adájọ́ ṣe lágbára tó, bóyá ju bí ó ṣe ń sọ iye olè lọ. Orílẹ̀-èdè tí kò mú ẹnikẹ́ni lè jẹ́ èyí tí kò sí olè níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí olè ti di adájọ́.

Ohun tó tún da ọ̀rọ̀ rú jù ni pé ìwà yìí kì í dúró sí ilẹ̀ kan, nígbà tí máàkì ń dúró sí ilẹ̀ kan. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ilé ẹjọ́ kan ní London ní kí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Glencore tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san owó tó lé ní mílíọ̀nù 280 pọ́n-ùn lápapọ̀, nítorí rìbá tí wọ́n san kí wọ́n lè rí epo rọ̀bì gbà ní Nàìjíríà, Cameroon àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Switzerland ni olú ilé-iṣẹ́ Glencore wà. Lọ́dún náà, Switzerland gba máàkì 82, Nàìjíríà gba 24. Switzerland kan náà ni ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là tí Ọ̀gágun Sani Abacha kó sá lọ ti sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé ní 2017, ọdún 19 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ṣì ń bá wọn tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 321 dọ́là padà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Àjọ Berlin náà rí àléébù yìí, ó gbé àtẹ mìíràn jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ wọn ń san rìbá lókèèrè, ṣùgbọ́n ìgbà ìkẹyìn tí èyí jáde ni 2011. Nítòsí wa níhìn-ín, orílẹ̀-èdè Benin kúrò ní 36 ní 2016, ó gun orí 45 ní 2024. Ìgbésókè náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ìrẹsì àti ọkọ̀ àlòkù tó ń gba Kútọnu kọjá ń wọlé sọ́dọ̀ wa ní Sẹ̀mẹ̀, ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ yìí sì wà lára ohun tó mú kí Nàìjíríà ti ibodè pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Rìbá tí wọ́n bá san lórí ẹrù kan náà láàárín Kútọnu sí Èkó, ta la ó kọ ọ́ sí lọ́rùn, ẹni tó gba 45 ni àbí ẹni tó gba 26?

Mo mọ àtakò tó lágbára jù tí wọ́n lè ṣe sí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n á ní àtẹ Berlin bá àtẹ Báńkì Àgbáyé mu, ó bá ti àwọn mìíràn mu, ó sì bá làákàyè mu: ta ni yóò jiyàn pé Denmark tó gba 90 kò sàn ju South Sudan tó gba 8 lọ? N kò jiyàn. Àtẹ náà wúlò láti ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ìrù. Ibi tó ti ń kùnà ni àárín, níbi tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wà, àti nínú ìyípadà láti ọdún dé ọdún, èyí tó jẹ́ ohun tí aráàlú fẹ́ mọ̀ gan-an. Pé àwọn àtẹ bá ara wọn mu kì í sì í ṣe ẹ̀rí tó tó, nítorí ìwádìí kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń mu nínú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń bi léèrè sì ń ka ìwé ara wọn. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Benjamin Olken dán èyí wò ní Indonesia, ní abúlé tó lé ní 600 tí wọ́n fún lówó láti ṣe ọ̀nà. Àwọn ẹnjiníà gbẹ́ ojú ọ̀nà wọ̀nyí, wọ́n wo iye òkúta àti yanrìn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì fi wé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn rà. Nígbà tó fi owó tó sọnù wé ohun tí àwọn ará abúlé rò, ó rí i pé wọ́n mọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ní abúlé tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀, ìfura pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ owó tó sọnù níbẹ̀ kéré jù. Bí ìfura bá lè ṣi ènìyàn lọ́nà lórí ọ̀nà tó kọjá lẹ́nu ilé rẹ̀, àwa Nàìjíríà tí ẹ̀yà wa lé ní igba gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má fi ìfura ṣe òṣùwọ̀n.

Àtakò kejì ni pé ìtìjú ló ń mú ìjọba ṣiṣẹ́: bí kò bá sí àtẹ tó ń pe orílẹ̀-èdè ní agbẹ̀yìn, ta ni yóò bìkítà? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú orúkọ ń kọ́ alákòóso láti tún orúkọ ṣe. Báńkì Àgbáyé ní àtẹ kan tó ń jẹ́ Doing Business, tí ìjọba ayé ń lé ipò lórí rẹ̀ bí ẹni ń lé ife-ẹ̀yẹ; ní oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n fòpin sí i lẹ́yìn tí ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ kan nọ́ńbà àwọn orílẹ̀-èdè kan, China wà lára wọn. Ìtìjú tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni èyí tó dárúkọ ibi tó sì dárúkọ iye. Ní Uganda, ìwádìí Ritva Reinikka àti Jakob Svensson fi hàn pé láàárín 1991 sí 1995, nínú owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà yà sọ́tọ̀ lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí owó oṣù olùkọ́, ìdá 13 péré nínú 100 ló ń dé ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpíndọ́gba. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ iye tó gbà mọ́ ara ògiri. Nígbà tí yóò fi di 2001, èyí tó ń dé ibẹ̀ ti kọjá ìdá 80. Ètò mìíràn náà ràn án lọ́wọ́, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí bí ìwé ìròyìn ṣe kó ipa tó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jiyàn pé nọ́ńbà tí òbí lè fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lágbára ju ipò 140 lọ.

Wọ́n á tún ní bí olúkúlùkù bá lọ ń ka ọ̀nà àti ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, a kò ní lè fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì mọ́. Èmi kò sọ pé kí a má fi wé ara wọn. Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti fi ìbéèrè kan náà, ti ìdá àwọn tó san rìbá nínú àwọn tó bá òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé, sínú àfojúsùn ìdàgbàsókè rẹ̀ fún 2030, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì lè béèrè rẹ̀. Ìfiwéra tó mọ́ ni ìfiwéra ohun kékeré kan tí a mọ ojú rẹ̀. Àwọn kan á ní ènìyàn lè purọ́ fún ẹni tó ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè kò bá yí padà, tí ibi tí a ti ń béèrè kò sì yí padà, a lè retí pé ìbẹ̀rù tó ń bo díẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí ni yóò máa bò ó lọ́la, ìyàtọ̀ àárín ọdún méjì yóò ṣì sọ nǹkan fún wa. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ wé ni Nàìjíríà àná.

Àtakò tó kẹ́yìn ló ń dùn mí jù: pé ẹni tó bá ń tú àṣìṣe àtẹ fó ń bo olè láṣìírí. Òótọ́ ni pé ìjọba wa máa ń kọ àtẹ Berlin nígbà tí máàkì bá lọ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e gẹ̀gẹ̀ nígbà tó bá gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òṣùwọ̀n kò péye kò sọ pé ẹrù kò sí. Mílíọ̀nù 87 rìbá lọ́dún kan kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ní ilẹ̀ kankan. Òṣùwọ̀n tí kò dájú ló ń gba olè sílẹ̀, torí pé ó lè bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀nà tí ìwé ní ó nípọn tó báyìí, tí a gbẹ́ tí a bá a ní ìdajì, kò sí agbẹnusọ tó lè dá a láre. Nínú ìwádìí Olken yẹn náà, kìkì pé wọ́n kéde pé ayẹ̀wé-owó-wò yóò dé àwọn abúlé kan dájúdájú dín owó tó ń sọnù níbẹ̀ kù ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ yíyẹ ìwé owó wò mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá kà á kì í fọwọ́ jẹ bí ẹni tí kò mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ará Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fún kò ju èyí lọ. Kí ọ̀nà, èbúté àti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá ń ṣe ní pátákó tó sọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó, gígùn àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lẹ iye tí òfin ní kí a san mọ́ ara ògiri, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ibi tí owó ìjọba parí sí àti ibi tí ẹ̀gúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí Ìkòròdú máa kéde lóṣooṣù iye tó wọlé, kí Ìjẹ̀dẹ́ náà máa kéde iye tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a lè fi méjèèjì wé ara wọn. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní agbègbè wa máa béèrè ìbéèrè NBS yẹn lọ́wọ́ aráàlú lọ́dọọdún, láìyí i padà. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ bó ti de ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Ẹ kọ lẹ́tà náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín.